Àròkọ Tí Mo Lẹ̀ Mọ́ Ògiri

                                        Yàrá Olùkọ́,
                                        Ẹ̀yìn Ilé-ẹ̀kọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀,
                                        Etí Igbó.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta.

Ìyá Ìbejì, ọ̀rẹ́ mi àtọjọ́mọ́jọ́,

Ṣé dáadáa lo wà? Àwọn ìbejì ńkọ́? Ẹsẹ̀ tó ń dun bàbá wọn, ṣé ó ti fúyẹ́? Ara tèmi le, mo dúpẹ́, àmọ́ inú mi ò dùn, mi ò sì ní purọ́ fún ọ. Inú ń bí mi sí ọ́fíìsì yín tó ń dáàbò bo igbó, ó ń bí mi sí ìwọ náà díẹ̀, ṣùgbọ́n ara mi gan-an ni inú ń bí mi sí jù.

O ò lè gbàgbé Atamátàsé, ọdẹ tó kọ́kọ́ kó ìbọn àti tàkúté rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ wá ṣèpàdé níwájú ilé-ẹ̀kọ́ wa. Èmi ni mo bẹ̀ ẹ́ títí tó fi gbà. Mo ní tí ẹranko bá pọ̀ nínú igbó, àlejò á máa wá wò wọ́n, àwọn ọmọ wa á rí kíláàsì jókòó sí, àwọn ọdẹ lẹ ó sì gbà ṣe ẹ̀ṣọ́ igbó. Ẹ kọ́ kíláàsì lóòótọ́. Ẹ kùn ún, ẹ ya erin sí i lára, erin tí kò dé igbó wa rí. Àmọ́ ibòmíràn lẹ ti kó ẹ̀ṣọ́ wá. Atamátàsé ní kò burú, ọmọ òun ṣáà ń kàwé.

Ìwé ètò ẹ̀kọ́ tí ìwọ fúnra rẹ kọ ló ní kí àwọn ọmọ máa kọ ẹranko tí wọ́n bá rí láàárín ọ̀sẹ̀ sílẹ̀. Mo ṣe é bí o ṣe wí. Ọmọbìnrin Atamátàsé kọ ọ́ pé bàbá òun gbé ẹtu kan wálé ní Ọjọ́rú, pé ẹtu náà lóyún, pé irun rẹ̀ pupa díẹ̀ bí iyẹ̀pẹ̀. Wo ìwà òmùgọ̀ tíṣà: ìkọ̀wé rẹ̀ tó rẹwà ni mò ń wò, mi ò wo ohun tí ọmọ ń sọ. Mo fún un ní mẹ́wàá nínú mẹ́wàá, mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri kí àwọn àlejò yín lè rí i lọ́jọ́ tí wọ́n wá ṣí ilé tuntun.

Ọ̀gá àwọn ẹ̀ṣọ́ ló kà á. Ó ń rẹ́rìn-ín títí ó fi dé ìlà kẹta. Kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú, wọ́n ti lọ gbé Atamátàsé nílé. Ó ní tàkúté àtijọ́ kan tí òun gbàgbé sí òdìkejì odò ló mú ẹtu náà, ó ti kú kí òun tó débẹ̀, ṣé kí òun fi í sílẹ̀ kó jẹrà ni? Wọ́n ṣáà tì í mọ́lé. Ó ti lo ọjọ́ mẹ́tàdínlógún látìmọ́lé báyìí, àwọn tó ń jí igi gẹdú sì ń fi ọkọ̀ kọjá níwájú àwọn ẹ̀ṣọ́ kan náà. Ìyàwó rẹ̀ ò bú mi o. Ó kàn ń kí mi bí ẹni ń kí àlejò, ìyẹn sì dùn mí ju èébú lọ. Wọ́n ní ẹyin lohùn. Àṣé ẹyin ni ìwé náà.

Jọ̀wọ́, má kọ lẹ́tà sí ẹnikẹ́ni, má sì bá mi pe ìpàdé. Wá fúnra rẹ, kí o sọ níwájú ọ̀gá yín pé ọkùnrin yìí ló kọ́kọ́ gba ètò yín gbọ́, pé iṣẹ́ tí ẹ fún ọmọ rẹ̀ lọmọ náà ṣe. Tí o ò bá lè sọ ọ́, má fi ìwé ètò kankan ránṣẹ́ sí mi mọ́.

Bá mi kí bàbá àwọn ọmọ, kí o sì bá mi fa àwọn ìbejì lẹ́rẹ̀kẹ́.

Ọmọbìnrin Atamátàsé padà wá sí kíláàsì lánàá. Mo ní kí wọ́n kọ ìlà mẹ́ta péré nípa ohun tí wọ́n jẹ láàárọ̀. Gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀, òun ò ṣí ìwé rẹ̀. Mo lọ bá a, mo bi í pé kí ló dé. Ó wojú mi, ó ní, "Tíṣà, ta ló máa kà á?"

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ síbẹ̀,
Tíṣà Etí Igbó.