Fún Ìdílé Murase, Lórí Orúkọ Tí Kò Tíì Sí Lára Òkúta Wa

Láti ọ̀dọ̀ Ẹgbẹ́ Àwọn Àgbà Ikọ̀ Òfúrufú Niu Gini, Nagoya.
Oṣù kọkànlá, ọdún 1978.

Pẹ̀lú ìbànújẹ́ ọkàn tí ogun pàápàá kò kọ́ wa bí a ṣe ń gbé e mì ni a fi kọ ìwé yìí sí ẹ̀yin Ìyáàfin Murase Fumie àti àwọn ọmọ yín. Ọ̀gá wa, awakọ̀ òfúrufú Murase Yasuhiko, ti lọ. A kò mọ bí ìpàdé ọdọọdún wa yóò ṣe rí láìsí i, nítorí òun ló máa ń kọ́kọ́ dé, òun náà ló máa ń ṣàròyé pé ọtí ìrẹsì tí wọ́n gbé kaná fún wa kò gbóná tó.

Bí àwa tó ṣẹ́kù bá jókòó, Wewak, ibùdó ọkọ̀ òfúrufú wa ní Niu Gini nígbà ogun, la máa ń rántí, àárọ̀ ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa sì máa ń dá lé. Ìkùukùu á ṣì bo igbó, àwa mẹkáníìkì á ti ki ọwọ́ bọ inú ẹ́ńjìnnì. Olóògbé á yọ pẹ̀lú ọ̀dùnkún sísè kan lọ́wọ́, á bù ú sí méjì fún ẹni tó bá sún mọ́ ọn jù. Á ní, "Ṣé ọkọ̀ yìí máa fò lónìí, àbí kí n padà lọ sùn?" Hatano Isao, ẹni tí ẹnu rẹ̀ mú jù nínú àwa mẹkáníìkì, á dá a lóhùn pé, "Ọkọ̀ ò níṣòro, Ọ̀gá. Ẹni tó fẹ́ wà á là ń bẹ̀rù." Ebi ń pa wá, ibà ń gbọ̀n wá, síbẹ̀ ẹ̀rín kì í wọ́n wa. Ẹ má bínú bí a bá sọ pé àárò ìgbà náà ń sọ wá.

Ogójì ọkọ̀ la kó débẹ̀. Ti ọ̀tá ń pọ̀ sí i, tiwa ń dín kù. Èyí tó bá já, ẹ̀yà ara rẹ̀ la fi ń tún èyí tó kù ṣe, títí ó fi ku mẹ́ta. Àwọn aláṣẹ ń sọ fún wa pé a ó ṣẹ́gun. Olóògbé kò bá wọn sọ ọ́ rí, kò sì pa ọjọ́ kan jẹ tí wọ́n ní kó fò.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1944, a ti sá dé Holandia, pápá òfúrufú mìíràn ní ìwọ̀ oòrùn Wewak, àṣẹ sì dé pé kí àwọn awakọ̀ gbé ọkọ̀ tó kù kúrò. Ẹnikẹ́ni kò dárúkọ mẹkáníìkì. Ọkọ̀ ẹlẹ́nìkan ni ti olóògbé, ṣùgbọ́n ó yọ rédíò àti irin ẹ̀yìn ìjókòó rẹ̀ kí ẹnì kan lè ká jọ síbẹ̀. Àwa méjì ló ń tọ́jú ọkọ̀ náà: Hatano, àti Okumura, akọ̀wé tí ń kọ ìwé yìí. A fi eré ọwọ́ jankẹn, ti òkúta, ìwé àti sáàsì, yan ẹni tí yóò lọ. Hatano ló jẹ. Ó wo Okumura tí ibà ti gbé dè, ó ní, "Ẹ gbé e, Ọ̀gá. Ó ti gbẹ tán, kò ní wúwo." Olóògbé di ọwọ́ Hatano mú: "Dúró síbí. Lọ́la ni mò ń padà bọ̀ wá gbé ẹ. Má bá ẹnikẹ́ni lọ."

Níbi tó balẹ̀ sí, wọ́n gba ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ní kò sí epo tí a ó fi lọ gbé mẹkáníìkì kan. Ó bẹ̀ wọ́n, ó bú wọn, wọ́n sì tì í mọ́lé. Kó tó jáde, ọ̀tá ti gúnlẹ̀ sí Holandia. Àwọn tó kù níbẹ̀ wọ igbó, ìwọ̀nba ló yè. Ọ̀kan nínú wọn ló sọ fún wa pé Hatano kò tẹ̀ lé wọn. Ó jókòó sẹ́bàá pápá, ó ní Ọ̀gá òun ń bọ̀.

Ìdí nìyí tí orúkọ olóògbé kò fi sí lára òkúta ẹgbẹ́ wa. Nígbà tí a gbé e kalẹ̀ ní 1952, a gbẹ́ orúkọ gbogbo wa sí i, ti òkú ní funfun, ti alààyè ní pupa. Olóògbé ní kí a má gbẹ́ tòun, àfi bí ẹ̀gbọ́n Hatano obìnrin bá dárí ji òun. Láti ìgbà náà, ní gbogbo ìgbà ìwọ́wé, ó ń wọkọ̀ ojú irin lọ sí ìlú Iida lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n náà, Ìyáàfin Hatano Toshi. Ìyáàfin Murase, ẹ rò pé ẹja ló ń lọ pa, ẹ sì máa ń bú u pé èso kakí gbígbẹ nìkan ló ń kó bọ̀. Òun ló ní kí a má sọ. Ẹ forí jì wá.

Lọ́dọọdún ni Ìyáàfin Toshi máa ń pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà: "O tún dé. Ìwọ lo ní kó dúró." Á ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Èmi ni." Á wá jókòó, á sọ nǹkan kan nípa Isao, ìyá náà á sì kọ̀yìn sí i, á máa bó kakí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹgbẹ́ rán Okumura lọ bá a láti bẹ̀bẹ̀ fún orúkọ olóògbé. Ìyá náà sunkún. Ó ní, "Ó ti pẹ́ tí mo ti dárí jì í. Mi ò sọ fún un ni. Tí mo bá sọ, kò ní wá mọ́, ta ló wá fẹ́ máa sọ Isao fún mi? Ẹ kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbúrò mi." Ó wá kọjú sí Okumura: "Ìwọ tí Isao fún láyè ẹ̀, ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, o ò yọjú síbí rí."

Òótọ́ ni. Ọ̀gá kan ṣoṣo ló ru ẹrù tirẹ̀ àti ti Okumura, a sì ń pè é ní onísùúrù.

A ti ránṣẹ́ pe agbẹ́kùúta. Níṣojú yín la ó gbẹ́ orúkọ olóògbé, ní funfun, ní ọjọ́ tí ẹ bá yàn. Àwọn ọmọ yín di ọmọ ẹgbẹ́, ohunkóhun tó bá kù díẹ̀ káàtó fún yín, tiwa ni. Okumura ni yóò sì máa lọ sí Iida.

Kí Búdà Aláàánú gbá yín mọ́ra, ẹ̀yin àti ilé yín. Kó tan iná sọ́nà fún Ọ̀gá wa. Kó sì dárí ji àwa tí wọ́n gbé là, tí a jẹ́ kí ẹni tó gbé wa máa dá nìkan lọ tọrọ àforíjì.

Okumura Tatsuzo, Akọ̀wé,
lórúkọ ẹgbẹ́.