Eyín Erin tàbí Eérú fún Ògiri Smilja

Ọjọ́ Ajé, 7 Oṣù Kẹwàá, 2019
Agolo ọ̀dà kékeré méjì fún ìdánwò, dínárì 760. Búrọ́ọ̀ṣì, 290. Ó ku 6,150 nínú owó ìfẹ̀yìntì. Obìnrin ọ́fíìsì ìtọ́jú ọmọ — Onígíláàsì ni mo ń pè é, nítorí awò ojú rẹ̀ — ń bọ̀ lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún. Ó ní yàrá tí ògiri rẹ̀ ń làágùn kì í ṣe ibi tí ọmọ ọdún mẹ́jọ ń sùn. Láti ìgbà tí a ti sin ọmọbìnrin mi, ọ̀dọ̀ mi ni Smilja, ọmọ rẹ̀, wà. Wọ́n lè gbà á lọ́wọ́ mi.

Ìṣẹ́gun, 8
Mo kun méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lábẹ́ fèrèsé. Ọ̀kan bí eyín erin, èkejì bí eérú tí a pò mọ́ wàrà. Láàárọ̀ n kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, àbàwọ́n omi yọ lára eyín erin, bí omi tíì. Eérú bò ó mọ́lẹ̀.
Eérú, nígbà náà.

Ọjọ́rú, 9
Smilja kọ̀, kò wọ yàrá. Ó ní bí ògiri ọsibítù tí màmá òun kú sí ni eérú náà rí.

Ọjọ́bọ̀, 10
Eyín erin. Agolo ńlá, 3,900. Mo san 1,500, Stevan ọlọ́dà ní kí n máa gbé e lọ.
Radojka aládùúgbò yọjú. "Persa, ẹfun ìyá ìyá rẹ ló wà lábẹ́ ibẹ̀. Ọ̀dà ìgbàlódé kì í di ẹfun mú. Kọ́kọ́ họ ọ́." Mo ní kò sí àkókò. Ó ní gbogbo ìgbà tí Àjíǹde bá ń bọ̀ la máa ń kun ẹfun lé ẹfun, títí ògiri wa fi nípọn ju ọgbọ́n orí wa lọ. Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò dé inú.

Àbámẹ́ta, 12
Mo kùn ún tán. Ó dára. Smilja gbé ìrọ̀rí rẹ̀ wọlé.

Ọjọ́ Ajé, 14
Ọ̀dà náà ti ń wú nísàlẹ̀, bí ibi tí iná jó lára. Mo fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ — kò yẹ kí n tẹ̀ ẹ́. Mo sún kọ́bọ́ọ̀dù dí i.

Ìṣẹ́gun, 15
Onígíláàsì ní ká sún kọ́bọ́ọ̀dù kúrò. Ọ̀dà bó bí awọ orí wàrà gbígbóná, ó já sórí bàtà rẹ̀. Ó bi Smilja pé ta ló yan àwọ̀ náà.
"Èmi ni, mà. Ìyá àgbà fẹ́ èyí tó máa bo omi mọ́lẹ̀."
Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì: kí ògiri ti gbẹ, tàbí kí aṣọ ọmọ ti wà nínú báàgì.
Èmi àti Smilja ti ń họ ọ́. Ẹfun náà kò lópin.
Gbèsè Stevan: dínárì 2,400. N kò tíì san án.