Ìwé Kan fún Gbogbo Ayálégbé

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta

Láti òní lọ, òkùnkùn ti parí. Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ tó ń yá wa láyè lórí ayélujára ló kéde bẹ́ẹ̀, nínú lẹ́tà tó gùn bí ìwàásù: gbogbo oníbàárà ti di ọba, oníkálukú yóò máa fi ojú ara rẹ̀ wo àkọsílẹ̀ àwọn tó yà sí ìkànnì rẹ̀ — ìgbà tí wọ́n wá, ojú ìwé tí wọ́n ṣí. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, bí tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Àṣìkọ mẹ́rin. Mo sọ ọkùnrin náà ní Ọ̀gá Ìmọ́lẹ̀.

Ó wúlò fún mi ṣá. Ìkànnì àbúrò mi obìnrin, Nọ́ọ̀sì, ni mò ń bójú tó. Àwọn obìnrin tí ọkọ ń lù ló ń gba ibẹ̀ wá ilé ààbò rẹ̀. Ojú ìwé kan wà tí a fi pamọ́: òpópónà ilé náà àti nọ́ńbà rẹ̀. Orí fóònù ni Nọ́ọ̀sì ti ń fún ẹni tó bá fọkàn tán ní àdírẹ́sì ojú ìwé yẹn. Èmi ni mo dá ọgbọ́n náà. Mo tilẹ̀ yin ara mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4

Mo ṣí àkọsílẹ̀ wa. Kí ni mo rí? Àkọsílẹ̀ ìkànnì dókítà eyín kan. Ilé ìkàwé. Ẹnì kan tó ń ta táyà. Àwa náà wà láàárín wọn. Rẹ́jísítà kan ṣoṣo fún gbogbo kíláàsì. Kálukú wá máàkì tirẹ̀, má wo ti ọ̀rẹ́ rẹ!

Mo rẹ́rìn-ín. Mo lọ po tíì.

Tíì kò tíì tutù tí ojú mi fi là. Bí mo bá ń rí ti onítáyà, onítáyà ń rí tèmi. Àkọsílẹ̀ kì í sì í mọ ohun tí a fi pamọ́ — gbogbo ojú ìwé tí wọ́n bá ṣí ló ń kọ, tòun ti àdírẹ́sì rẹ̀.

Ọjọ́rú, 5

Mo ṣàlàyé fún Nọ́ọ̀sì. Ó ní, "Bọ̀dá mi, irú táyà wo lọkùnrin yẹn ń tà?" Mo ní ti ọkọ̀ akẹ́rù. Ó ní, "Yéè! Ọkọ Aránṣọ nìyẹn."

Aránṣọ — òun ló dé lóṣù tó kọjá pẹ̀lú apá tó ṣẹ́ àti ọmọ lẹ́yìn.

Kíá ni mo yọ ojú ìwé náà kúrò. Àmọ́ omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Láti Ajé, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti ṣí i. Ẹni méjì péré ni Nọ́ọ̀sì fún ní àdírẹ́sì rẹ̀ láti ìgbà náà.

Ọjọ́bọ̀, 6

Aránṣọ kò sùn. Nọ́ọ̀sì kò sùn. Èmi díbọ́n.

Ọjọ́ Ẹtì, 7

Ọ́fíìsì Ọ̀gá Ìmọ́lẹ̀. Àga tó ń yí. Ó ní oníbàárà òun lé ní ẹgbẹ̀rún, èmi nìkan ni mo ráhùn. "Bàbá, ẹ̀yin tíṣà kì í fẹ̀yìn tì nídìí àṣìṣe wíwá!" Mo ní òótọ́ ni, mẹ́rin ni mo rí nínú lẹ́tà wọn, ìkarùn-ún ni mo gbé wá yìí. Ẹnjiníà rẹ̀, ọmọbìnrin kan tó tẹ́ẹ́rẹ́, fọwọ́ bo ẹnu.

Òun ló sáré bá mi lórí àtẹ̀gùn. Ó ní òun ti sọ fún ọ̀gá pé kálukú gbọ́dọ̀ ní ìwé tirẹ̀. Ọ̀gá ní ọjọ́ ti lọ. Mo bi í léèrè ẹnì kẹta tó ṣí ojú ìwé wa. Ó ní ìràwọ̀ ni àwọn fi bo nọ́ńbà ẹ̀rọ àlejò lójú oníbàárà, odidi rẹ̀ wà lọ́dọ̀ àwọn. Òun lè fi wé ti onítáyà. "Ẹ ṣáà kọ ìwé sà, kí n rí nǹkan dì mú." Orí itan ni mo ti kọ ọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8

Ọkọ̀ kan kọjá níwájú ilé wọn lẹ́ẹ̀mejì. Nọ́ọ̀sì ní oníbúrẹ́dì ni.

Aránṣọ gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. "Bàbá, ṣé kí n dirù ni àbí kí n má dì í? Ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ ọ̀nà iléèwé rẹ̀ ni." Mo ní kó fún mi láyè di Ajé. Ta ni mí tí mo fi ń dá ọjọ́ fún ẹni tí ẹ̀rù ń bà?

Ọjọ́ Ajé, 10

Lẹ́tà tuntun. Àṣìkọ méjì, a ń tẹ̀ síwájú. Kálukú ti ní ìwé tirẹ̀. Mo dán an wò: àwa nìkan ni. Mo kan ilẹ̀kùn àkọsílẹ̀ dókítà eyín, kò ṣí. Iṣẹ́ ọmọbìnrin yẹn mọ́, mo gbà.

Ìpínrọ̀ ìkẹyìn: "Fún ààbò tó péye, a ti pa gbogbo àkọsílẹ̀ àtijọ́ rẹ́ pátápátá."

Mo pe Ẹnjiníà. Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Ẹ má bínú sà. Wọ́n ti pa á rẹ́ kí n tó débi iṣẹ́ láàárọ̀ yìí."

Nọ́ọ̀sì ní Aránṣọ ti wọ ọmọ ní bàtà. Wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọn ò lọ, wọn ò wọlé. Mo gbé fóònù, mo tún gbé e sílẹ̀.

Ta ni ẹnì kẹta?