Orí Keje Tí Wọ́n Yọ Nínú Ìwé Rẹ

Àbúrò mi, ọdún mẹ́rin rèé tí o lọ. Ọdún mẹ́rin! Èmi tí mo pọ̀n ọ́ sẹ́yìn ni mo wá ń kọ ìrántí rẹ.

Ọmọ rẹ obìnrin ti ga jù mí lọ. Ẹ̀rín rẹ gẹ́lẹ́ ló ń rín, ṣùgbọ́n kò fẹ́ gbọ́ ohun tó ń jẹ́ ìtàn. Ó ní iṣẹ́ ìwé ló pa ìyá òun. Mi ò bá a jiyàn. Ọdún mẹ́sàn-án lo fi ṣe olóòtú ní ilé ìwádìí ìtàn yẹn, níwájú fèrèsé tí kì í ṣí. Ibẹ̀ náà ni ẹ̀jẹ̀ ríru ti dá ọ dùbúlẹ̀, tí ìwé tí ò ń yẹ̀ wò wà lábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ.

Ìwé ìtàn ńlá tí ò ń ṣe nígbà náà jáde. Ó jáde! Ẹ̀yìn rẹ̀ le, ó ń dán. Ṣùgbọ́n orí keje kò sí níbẹ̀, orí tí o fi ọdún mẹ́fà kó jọ láti ẹnu àwọn opó àti ọmọ òrukàn, tí o to orúkọ àwọn ènìyàn mọ́kànlélógójì tí ihò ìwakùsà wó pa sí inú rẹ̀. Ìwé yẹn ní méjìlá ló kú. Méjìlá! Ọ̀gá yín ní àwọn tó ni ihò náà ni onígbọ̀wọ́ ilé ìwádìí, pé ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

Lọ́jọ́ ìkójáde ìwé náà, ìyá àgbà kan jókòó sẹ́yìn gbọ̀ngàn. Kò mọ̀wé kà. Ó ní kí n bá òun wá orúkọ ọkọ òun, pé, “Ọmọ yẹn, àbúrò rẹ, ṣèlérí fún mi.” Mo wá a títí, mi ò rí i. Ojú tì mí bí ẹni pé èmi ni mo jí i gbé.

Agbẹ̀bí ni mí, kí ni mo mọ̀ nípa ìwé títẹ̀? Mo lọ bá ọkùnrin tó ń to ojú ìwé yín, ẹni tí o máa ń pè ní Jẹ́jẹ́. Orí keje wà nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, tí mo bá gbé e jáde, iṣẹ́ bọ́ nìyẹn.” Ó sì gbé e jáde. Igba ìwé pẹlẹbẹ la tẹ̀, orúkọ rẹ sì wà níwájú gbogbo wọn. Ọ̀sẹ̀ méjì kò pé tí iṣẹ́ fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lóòótọ́. Káàdì ìgbéyàwó ló ń tẹ̀ báyìí, nínú ìsọ̀ tí kò fẹ̀ ju balùwẹ̀ lọ.

Mo gbé ìwé náà lọ fún àwọn ẹbí láti ojúlé dé ojúlé. Ìyá àgbà yẹn ti kú kí n tó débẹ̀. Oṣù kan péré! Ọmọ rẹ̀ ló gbà á. Ó ka orúkọ bàbá rẹ̀ sókè lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó sì rọra ti ilẹ̀kùn. Títí di òní, méjìlá ló ṣì wà nínú ìwé ńlá yẹn, òun náà ni wọ́n sì fi ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé.

Ọmọ rẹ fi ẹ̀dà kan sábẹ́ ìrọ̀rí. Kò tíì ṣí i.

Wọ́n ní bó pẹ́ títí, ọ̀fọ̀ á fúyẹ́. Irọ́ ni! Kò sí ohun tí mo kọ rí tí o kì í kọ́kọ́ kà, tí o kì í fi bírò pupa fa ìlà sí, o sì máa ń sọ pé agbẹ̀bí kì í mọ ibi tí gbólóhùn ń parí sí. Ẹnikẹ́ni ò bá mi ka èyí kí n tó fi síta. Àṣìṣe inú rẹ̀ á pọ̀. Mo fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, torí ìwọ ló ni àtúnṣe wọn. Àárò rẹ ń sọ mí, àbúrò mi. Mo fẹ́ràn rẹ.