Bí Mo Ṣe Fọwọ́ Sí Ìwé Ìléjáde Ummulkulthum

Ojúlé Kejìlá,
Aké, Abẹ́òkúta,
Ìpínlẹ̀ Ògùn.
Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kejì, Ọdún 2025.

Beatrice, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

O kú ọjọ́ mẹ́ta o, o sì kú otútù ilẹ̀ òyìnbó. Ṣé ara le? Babájídé ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Mo rí ìyá rẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá. Ara wọn yá, wọ́n ní kí n kí ọ.

O ti kí mi kú oríire pé mo di ọ̀jọ̀gbọ́n. N kò tíì dá ọ lóhùn nítorí ọ̀nà tí oyè náà gbà dé. Ìwọ nìkan ni mo lè sọ ọ́ fún.

O mọ ohun tí mo fi ọdún mẹ́rin kọ́ nígbà tí a jọ ń gbé yàrá kan lọ́hùn-ún: bí kọ̀ǹpútà kì í ṣe dá ojú aláwọ̀ dúdú mọ̀ dáadáa, àti ìyà tí ìyẹn fi ń jẹ akẹ́kọ̀ọ́. Lórí rẹ̀ ni mo kọ gbogbo ìwé mi. Lọ́dún tó kọjá, yunifásítì wa ra ẹ̀rọ kan tó ń fi kámẹ́rà ṣọ́ àwọn ọmọ nígbà ìdánwò. Mo sọ fún ọ̀gá wa, Dókítà Theophilus, pé kò ní rí àwọn ọmọ kan. Ó ní wọ́n ti rà á ná. Mo dákẹ́.

Ummulkulthum, akẹ́kọ̀ọ́ mi kan, ni ẹ̀rọ náà kọ́kọ́ mú. Ọmọ Ṣàpọ́n ni, ó dúdú bí kóró iṣin, kò sì sí ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà tó o nínú kíláàsì mi. Ẹ̀rọ náà kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà mọ́kàndínlógún pé kò sẹ́nì kankan lórí àga rẹ̀. Wọ́n ní ó jáde lọ wo ìdáhùn ni.

Èmi ni wọ́n pè sí ìgbìmọ̀ tó gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó mọ̀ nípa irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ọmọ náà rí mi, ọkàn rẹ̀ balẹ̀, nítorí ìwé tí èmi fúnra mi kọ ló kó dání wá. Theophilus bi mí pé, "Madam, ṣé ẹ̀rọ yìí ṣì í mú ni?" Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ìwé ìgbéga mi wà lórí tábìlì rẹ̀. Mo ní, "N kò rí i pé ó ṣì í mú." Mo mọ̀ pé irọ́ ni. Mo fọwọ́ sí ìwé ìléjáde rẹ̀, wọ́n lé e. Kò pé oṣù méjì tí lẹ́tà oyè mi fi dé.

Wọ́n ní ẹlẹ́jọ́ tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ ní ìkúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́fà ni èmi fi rò ó kí n tó lọ sí Ṣàpọ́n lánàá. Mo bá ọmọ náà nínú ṣọ́ọ̀bù kan, ó ń bá àwọn tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì ṣe ẹ̀dà ìwé wọn. Sìlífátù ìyá rẹ̀ nu àga fún mi, ó ń dúpẹ́ pé ọ̀jọ̀gbọ́n wá wo ọmọ òun. Kò mọ̀. Ọmọ náà kò sì sọ fún un.

Mo ní kó jẹ́ kí n kọ̀wé pé ẹ̀rọ ló ṣàṣìṣe. Kò gbójú sókè. Ó ní, "Ẹ̀rọ ò rí mi, mà. Ẹ̀yin rí mi."

Lọ́jọ́bọ̀ ni mo máa ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ oyè mi, lórí àwọ̀ ara, ẹ̀rọ àti ẹ̀kọ́. Bí mo ṣe ń dìde, ó ní òun ti gbọ́ nípa rẹ̀, ó bi mí pé aago mélòó ni yóò bẹ̀rẹ̀. Mo ní mẹ́wàá àárọ̀. Ó ní òun máa tètè dé, kí òun lè rí àga níwájú.

Bá mi kí Babájídé àti àwọn ọmọ. Bó bá jẹ́ pé o fẹ́ tù mí nínú ni, má wulẹ̀ fèsì.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ láti kékeré,
Christianah.