Ta Ni Yóò Sọ fún Mùíz Pé Kó Dìde?

Ọjọ́bọ̀, 6 Fẹ́búárì 2025
Kíláàsì ọgbà ẹ̀wọ̀n lónìí. Ṣọ́ọ̀ṣì ló yàn mí pé kí n máa kọ́ àwọn ẹlẹ́wọ̀n ní ọ̀wọ̀ àti bí a ṣe ń parí ìjà. Ẹ̀kọ́ tòní: ìtúúbá. Mo ní ẹni tó bá ṣẹ èèyàn á dọ̀bálẹ̀, kò sì ní dìde àfi bí ẹni tó ṣẹ̀ bá ní kó dìde. Gbogbo wọn ń mi orí. Inú mi ń dùn — títí Mùíz fi nawọ́.

"Bàbá, ọ̀sẹ̀ tó kọjá ẹ ní ọmọdé ló ń dọ̀bálẹ̀ fún àgbà. Bí ẹni tí mo ṣẹ̀ bá kéré sí mi ńkọ́?"

Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́ — wọ́dà tó máa ń jókòó tì wá, èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀ — bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá Tíṣà, ó ti mú yín o!"

Mo ní màá dáhùn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Kí ni mo fẹ́ sọ?

Ọjọ́ Ẹtì, 7 Fẹ́búárì
Ìbéèrè ọmọ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru — n kò rántí bóyá mo ti lò ó, tàbí mo ti lò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ọjọ́bọ̀, 13 Fẹ́búárì
Mo dáhùn. Mo ní ẹ̀bẹ̀ kò mọ àgbà, kò mọ ọmọdé. N kò mọ ibi tí mo ti rí i. Ó ṣáà bọ́ lẹ́nu mi.

Lẹ́yìn kíláàsì, Mùíz fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Akínlẹ́yẹ ni ẹni tó ń sọ nípa rẹ̀, ọmọ Ìlàjẹ kan létí ọ̀sà ní Bàrígà. Níbi tí wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù ni wọ́n ti jà, nítorí àga. Mùíz fọ́ ìgò, ó fi ya ọmọ náà lọ́wọ́. Ọwọ́ yẹn kò ṣeé dì mọ́. Apẹja sì ni ọmọ náà.

Lọ́jọ́ Ajé ni wọ́n máa dá Mùíz sílẹ̀. Ó fẹ́ lọ bẹ̀ ẹ́. "Ẹ̀yin lẹ máa ṣáájú mi, Bàbá. Èèyàn kì í dá ẹ̀bẹ̀ lọ."

Mo ní ó dára. Kí ló dé tí mo sọ bẹ́ẹ̀? Àlejò — bí mo ṣe ń pe àyà jíjá mi — ti jókòó sí mi láyà báyìí, kò gbéra.

Ọjọ́ Àìkú, 16 Fẹ́búárì
Ìyàwó mi: "Bàbá Fimíhàn, ẹ̀yin tí ẹ máa ń gbọ̀n kẹ́ ẹ tó sọdá títì l'Ónípanu, ẹ̀yin lẹ fẹ́ lọ parí ìjà onígò?" Òótọ́ ló sọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22 Fẹ́búárì
Èmi àti Mùíz lọ sí Bàrígà. Mo ṣáájú. Ìyá Akínlẹ́yẹ, Ìyá Sabina ni wọ́n ń pè é, ń yan ẹja lẹ́nu ọ̀nà. Mo kí i, mo ní ẹ̀bẹ̀ la bá wá. N kò tíì sọ̀rọ̀ dé ìdajì tí Mùíz ti na gbalaja sórí iyanrìn níwájú Akínlẹ́yẹ.

Ìyá Sabina figbe ta. "Ta ló ní kó o dọ̀bálẹ̀ fún ọmọ mi? Ìwọ tó o fi ọdún méje jù ú lọ! O gé e lọ́wọ́, kò tó ọ, o tún fẹ́ gé ẹ̀mí rẹ̀ kúrú?" Ó bọ́ sí èdè Ìlàjẹ, n kò gbọ́ ìyókù. Ó wá kọjú sí mi. "Bàbá, àgbàlagbà bíi tiyín! Ẹ ò mọ̀ pé èèwọ̀ ni?"

Mo mọ̀. Èmi náà ni mo sì kọ́ ọ.

Akínlẹ́yẹ ki ọwọ́ yẹn bọ àpò, ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

Mo ní kí Mùíz dìde. Iyanrìn wà lẹ́nu rẹ̀. "Ẹ̀yin kọ́ ni mo ṣẹ̀, Bàbá. Bẹ́ẹ̀ lẹ kọ́ wa."

Oòrùn mú. Èrò pọ̀. Ìyá Sabina wò ó títí. "Tó o bá pẹ́ níbẹ̀, màá yan ọ́ mọ́ ẹja." Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Mùíz kò mira. Lẹ́yìn náà, ohùn Ìyá Sabina rọlẹ̀: "Dìde. Èmi ìyá rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. Mi ò ní ó ti forí jì ọ́ o."

Ṣé a parí ìjà ni, àbí a fi èèwọ̀ kún un?

Ọjọ́ Àìkú, 23 Fẹ́búárì
Pásítọ̀ ní mo ṣe dáadáa. Pásítọ̀ kò sí níbẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 25 Fẹ́búárì
Mùíz wá sílé wa l'Ábúlé Òkúta, ẹ̀rín lẹ́nu. Akínlẹ́yẹ ránṣẹ́ sí i: "Ìdọ̀bálẹ̀ rẹ kò wúlò fún mi. Ọwọ́ tó gé ọwọ́ mi, kó wá bá mi fa àwọ̀n." Lọ́jọ́bọ̀, láàárọ̀. Àwọn méjì péré nínú ọkọ̀.

Mo bi í bóyá ó mọ̀ ọ́n wẹ̀.

"Bàbá, Ṣómólú ni wọ́n bí mi sí, kì í ṣe inú omi!"

Ó ń rẹ́rìn-ín. Ìdáríjì ni, àbí ẹ̀san? Bí mo bá ní kó má lọ, kí ni mo ti ń kọ́ wọn láti ọjọ́ yìí? Bí mo bá ní kó lọ — Olúwa.

N kò sọ nǹkan kan. Ó dágbére, ó lọ.

Ọjọ́bọ̀, 27 Fẹ́búárì
N kò lọ kíláàsì. Etí ọ̀sà ni mo lọ. Wọ́n ti wọ omi kí n tó dé.

Mo ń lọ, mo ń bọ̀ lórí iyanrìn. Nígbà tó yá mo rí ọkọ̀ wọn. Mo kà á: orí méjì. Mo tún un kà. Ariwo ló ń tibẹ̀ wá. Akínlẹ́yẹ ń jágbe: "Bùrọ̀dá, ẹ dì í mú! Ẹja ń lọ! Ṣé ògiri lẹ ń tì ni?" Mùíz náà ń pariwo padà.

Mo sáré bá Ìyá Sabina. Mo ní ìjà ti bẹ̀rẹ̀ o.

Kò tilẹ̀ gbójú sókè nínú ẹja tó ń fọ̀. "Bàbá, ẹ jókòó. Ẹni tó bá fẹ́ ti èèyàn sómi kì í kọ́ ọ ní iṣẹ́."

Ó gbé àpótí fún mi. N kò lè jókòó. Mo dúró títí ẹsẹ̀ Mùíz fi kan ilẹ̀.