Ariwo Tí Mo Pa Ní Ọjà Igbó

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ó tó ọjọ́ mẹ́ta tí mo ti ń gbé bíírò tí mo sì ń sọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ kan ni mo ní láti jẹ́wọ́, mi ò sì mọ ẹlòmíràn tí mo lè sọ ọ́ fún.

Àìsàn kan dé lẹ́yìn yín tí wọ́n ń pè ní Kòrónà. Èémí ló ń bá rìn, ó sì burú fún àwọn àgbàlagbà. Nígbà tí ìjọba ti ilé ìwé pa, mo fi yàrá mi ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ sílẹ̀, mo wá bá Màámi ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, nítorí ìtọ̀ ṣúgà wọn. Mi ò fẹ́ kí wọ́n fẹsẹ̀ kan ọjà rárá. Àjákù aṣọ tí ẹ kó pamọ́ sábẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ yín ni mo fi rán ìbòmú fún àwa méjèèjì. Mo máa ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹ kì í da ohunkóhun nù. Ẹ má bínú.

Èmi nìkan ni mo ń lọ sí Ọjà Igbó. Tí mo bá dé, ìta ni mo ti ń bọ́ bàtà. Mo ń fi ọṣẹ fọ ike òróró, mo tiẹ̀ ń fọ ọ̀rá búrẹ́dì. Màámi á pè mí kí n wá jẹun lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn, èmi á gbé àwo mi lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ẹ̀rù ń bà mí, Bàbá. Ọ̀yọ́ ni mo wà nígbà tí ẹ ń lọ, mi ò bá ojú yín. Mo ti búra pé ti Màámi kò ní rí bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, mo lọ ra ata gbígbẹ lọ́wọ́ Ìyá Múlíkà. Ẹ mọ̀ wọ́n, ọ̀rẹ́ Màámi láti ìgbà ọmọge. Àwọn ni wọ́n sùn sílé wa títí a fi ṣe àdúà ogójì ọjọ́ yín. Inú wọn dùn bí wọ́n ṣe rí mi. Wọ́n fa ìbòmú wọn sílẹ̀, wọ́n di ọwọ́ mi mú, ni ikọ́ bá gbé wọn. Wọ́n wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta sí mi lápá. Mi ò mọ ohun tó gùn mí. Mo já ọwọ́ mi gbà, mo figbe ta.

“Ẹ má fọwọ́ kàn mí! Ìyá yìí ti ní Kòrónà o!”

Kíá ni ìlà àwọn aláta dá páropáro. Ẹni tó ń wọn ìrẹsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn gbé igbá rẹ̀, ó sá. Ìyá Múlíkà dúró gbagidi, ọwọ́ wọn ṣì wà ní nínà.

“Ata ni, ọmọ mi. Ata ni mò ń gún láti àárọ̀.”

Ta ni kì í wúkọ́ nídìí ata gbígbẹ? Mo ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó délé. Kí ló dé tí mi ò padà?

Mi ò sọ fún Màámi. Ṣùgbọ́n ìròyìn náà ti tàn káàkiri. Àwọn elétò ìlera gbé mọ́tò wá sí ẹnu ọ̀nà Ìyá Múlíkà, wọ́n fi nǹkan yẹ ihò imú wọn wò lójú gbogbo àdúgbò. Èsì dé: ara wọn le. Síbẹ̀, kò sí oníbàárà tó padà.

Ní ọjọ́ kejì èsì yẹn ni mo gbé ẹja yíyan sí imú, tí mi ò gbọ́ òórùn kankan. Ibà gbé mi dè. Àwọn elétò ìlera yẹ èmi àti Màámi wò. Ara Màámi mọ́. Èmi ni mo ní in, Bàbá. Bóyá inú mọ́tò láti Ọ̀yọ́ ni mo ti gbé e wá, mi ò mọ̀.

Wọ́n ní kí n ti ara mi mọ́ yàrá yín. Tí Màámi bá sín lẹ́yìn ilẹ̀kùn, àyà mi á já. Ẹni tó ń gbé omi wá fún wa kò yà mọ́. Kò sí ẹni tó gbà láti bá wa ra nǹkan. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, gààrí nìkan ló kù nílé, oògùn Màámi sì ti tán. Mo ti ń múra àtijáde lọ sọ́jà bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú àìsàn lára, nígbà tí mo gbọ́ ẹsẹ̀ lójú fèrèsé.

Ìyá Múlíkà ni. Wọ́n gbé ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ àti oògùn Màámi kalẹ̀ sórí pèpéle, wọ́n sún sẹ́yìn.

“Ṣé o ń mí dáadáa?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọjọ́ kan sí èkejì ni wọ́n ń wá, títí ara mi fi yá.

Ọjà ni mo kọ́kọ́ lọ lọ́jọ́ tí wọ́n ní kí n jáde. Mo dúró láàárín àwọn aláta, mo pariwo.

“Ẹ̀yin ará ọjà, èmi ni mo ní Kòrónà! Ìyá Múlíkà ò ní in rí. Mo pa irọ́ mọ́ wọn ni!”

Àwọn kan sá sẹ́yìn fún mi. Ìyá àgbà kan ra ata díẹ̀. Àwọn tó kù ń wò. Mo kúnlẹ̀ síwájú Ìyá Múlíkà, wọn ò sì yára ní kí n dìde.

“Ìyá rẹ ni mo gbé oúnjẹ fún,” ni wọ́n wí. “Tìẹ ṣì ń dùn mí. Mi ò ní purọ́ fún ẹ. Dìde, wá bá mi gbé àpò yìí wọlé.”

Mo bá wọn gbé e. Láti ọjọ́ náà, ojoojúmọ́ ni mò ń lọ bá wọn pàtẹ. A kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Kí ni ẹ̀yin ì bá ṣe, Bàbá? Lánàá, oòrùn mú gan-an. Wọ́n bu omi, wọ́n mu díẹ̀ níbẹ̀, wọ́n rántí igbe tí mo ta lọ́jọ́sí, wọ́n da èyí tó kù nù, wọ́n ṣan ife náà, wọ́n sì bu òmíràn fún mi. Mo mu ún tán. Mi ò lè gbójú sókè.

Èmi ọmọ yín tí ojú ń tì, tó sì fẹ́ràn yín títí ayé.